Láfún Nínú Ṣin-ṣin Kérésìmesì

Ní ọdún tí ìjọba fòfin de àlìkámà òkè òkun, tí fúláwà wá di ohun tí èèyàn ń wá bí ẹni tó ń wá iṣẹ́, èmi ni mo ṣe ṣin-ṣin Kérésìmesì nílé wa. Ìyàwó mi ti sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹni tó mọ̀ wá, bó sì ṣe ń sọ ọ́, òmùgọ̀ ni mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò fẹ́ jiyàn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Olùkọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà, mo wà nísàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn tí wọ́n ń pè ní dókítà tí wọn ò lè gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé ní Bódìjà, nínú ilé Alhaji kan, ọmọ Ìbàdàn, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ìsàlẹ̀. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé girama ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé. A jọ kàwé ni, nítorí náà kì í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ àfi tí ìyá mi bá wà nítòsí, tàbí tínú bá ń bí i.

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, á kó àwọn agolo mílíìkì tó ti ń fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún jáde, á fọ̀ wọ́n, á fi bébà aláràbarà wé wọn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣin-ṣin àti àwọn kéèkì kéékèèké. Ogún agolo ni, nígbà mìíràn ó máa ń lé. Ti pásítọ̀ wà níbẹ̀, ti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ti ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Èyí tó tóbi jù ni ti Alhaja nísàlẹ̀, nítorí pé bí Iléyá bá dé, itan àgbò gbáko ló máa ń gòkè wá bá wa, ojú á sì tì wá tí Kérésìmesì bá dé tí nǹkan kan ò sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

Èmi kì í dá sí i. Mo tilẹ̀ ti kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́, níbi tí mo ti fi àwọn ará Bódìjà ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń lẹ òwú mọ́ ẹ̀ka igi nínú pálọ̀ kí ó lè jọ yìnyín, nígbà tí ọyẹ́ ń la ètè wọn níta. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín gan-an. Àwọn tó rẹ́rìn-ín jù ni wọ́n tún lọ ra òwú lọ́jọ́ kejì. Nínú àròkọ yẹn náà ni mo ti kọ ọ́ pé ìyẹ̀fun tí a dá lóró ni ṣin-ṣin. Ìyàwó mi kà á tán, ó ní, "O kọ ọ́ dáadáa. Má jẹ ṣin-ṣin mọ́ nílé yìí." Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo jẹ ẹ́, òun sì ń wò mí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìyàwó mi wà lórí ibùsùn. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú, ọ̀kan ní oṣù kẹta, èkejì ní oṣù karùn-ún. Ìkẹta yìí ti wọ oṣù kẹfà nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Dókítà, èyí tó lè gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ní kó lọ dùbúlẹ̀, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kó má sì dìde àfi tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Fún ọjọ́ mélòó, sà?" ni ìyàwó mi bi í.

"Ẹ gbàgbé ọjọ́," ni dókítà dá a lóhùn. "Ẹ ṣáà bá mi gbé e dé Fẹ́búárì."

A ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà oyún àkọ́kọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló kí wa kú oríire, ẹnu kan náà ni wọ́n sì tún fi kí wa kú ìrọ́jú. Lẹ́yìn ìkejì, ìyàwó mi ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnì kan kí òun kú nǹkan kan mọ́ títí òun á fi gbé ọmọ lọ́wọ́. A sọ fún ilé ìwé rẹ̀ pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún. A sọ bẹ́ẹ̀ fún pásítọ̀ náà. Alhaja nísàlẹ̀ kò gbà pé ẹ̀yìn ni, ó gbà pé ìgbéraga ni. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ń sọ fún àlejò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ìyàwó òkè ti di màdáàmù. Kì í sọ̀ kalẹ̀ wá kí èèyàn mọ́."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣin-ṣin ti di wàhálà. Tí agolo kò bá jáde ní Kérésìmesì, gbogbo àwọn tó ń retí rẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan wà, wọn á sì gòkè wá wo ohun tó jẹ́. Ìyàwó mi ò fẹ́ kí wọ́n gòkè wá. Agolo gbọ́dọ̀ jáde.

Kò sì mọ dídùbúlẹ̀ ṣe. Ó ka pátákó àjà yàrá wa, ó tún un kà, ó ní káfíńtà rẹ́ Alhaji jẹ ní ẹyọ kan. Á pè mí kí n wá sọ bóyá mo ti pa iná, bóyá mo ti ti ilẹ̀kùn, bóyá ẹja ti fọ́ sínú ọbẹ̀. N kò mọ èyí tó burú jù, kó máa pè mí ni, tàbí kó dákẹ́. Tó bá dákẹ́, mo máa ń sáré wọlé lọ wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá a lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, tó fi ọwọ́ kan ògiri.

"Mo kàn fẹ́ wò ó ni," ló máa ń sọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí Kérésìmesì ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, agolo mílíìkì mẹ́fà wà nílẹ̀ nínú yàrá, àga kan wà níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ìyàwó mi sì ti padà sórí ibùsùn, ó fi aṣọ bora dé ọrùn. Mo rí ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti tún yọ. Mo gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn nínú mọ́tò ìjàpá wa, mo sì wà á lọ sílé ìwòsàn bí ẹni tó gbé ẹyin sórí tó ń gba orí àpáta kọjá.

Dókítà gbọ́ ọkàn ọmọ náà. Ó ṣì ń lù. Ó bọ́ ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ọ kúrò létí, ó sì kọjú sí èmi dípò ìyàwó mi. "Tó bá tún ṣẹlẹ̀ báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ó wí, "mi ò ní lè ṣe nǹkan kan."

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo ní, "Èmi ni màá ṣe é."

"Kí ni?" Ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn mọ́tò, nísàlẹ̀, nítorí pé ó dùbúlẹ̀.

"Ṣin-ṣin. Kéèkì. Gbogbo ẹ̀."

"Ìwọ tó o máa ń pè mí kí n wá bá ẹ yí iná sítóòfù sílẹ̀?"

"Dókítà ni mí."

"Nínú kí ni?"

Nínú ìtàn ètò ìṣèlú ni, ó sì mọ̀. A ṣe àdéhùn kí a tó dé Bódìjà: òun ò ní fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, èmi náà ò sì ní ṣe ṣin-ṣin tó máa dójú ti òun láàárín àwọn èèyàn.

Mo wá fúláwà dé Dùgbẹ̀. Mo wá a dé Òkè Àdó. Tí mo bá béèrè, àwọn ọlọ́jà á wo ọ̀tún, wọn á wo òsì, wọn á wo bàtà mi bóyá ti ọlọ́pàá ni. Ní Òkè Àdó, ọkùnrin kan wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, ó mú ìwọ̀nba kan jáde tó di sínú ìwé ìròyìn àtijọ́. Kò tó ìdámẹ́rin ohun tí mò ń wá. Mo rà á, mo sì fi abẹ́ ẹ̀wù gbé e wọ mọ́tò, èmi tí mo ti kọ àròkọ lòdì sí àwọn tó ń kó ẹrù òfin wọlé.

Alhaja pàdé mi lórí àtẹ̀gùn. "Dókítà, ẹ kú ìrìn o. Kí lẹ gbé?"

"Nǹkan ìdáná ni, mà. Ìyàwó mi fẹ́ ṣe ṣin-ṣin."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ṣì rántí wa nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé èyí tó le ni mo fẹ́ o, tó máa ń dún lẹ́nu. Kì í ṣe èyí tó rọ̀ bí àkàrà."

"Màá sọ fún un, mà."

Ojú ń tì mí láti sọ pé èmi ni mo fẹ́ ṣe é. Mo lè dúró níwájú igba akẹ́kọ̀ọ́ kí n sọ pé iṣẹ́ ilé kì í ṣe ti obìnrin nìkan. Orí àtẹ̀gùn ni kò ṣeé sọ.

Kéèkì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo da bọ́tà àti ṣúgà sínú abọ́ ńlá, mo sì fi ṣíbí onígi ń lù ú. Ìyàwó mi ń gbọ́ mi láti yàrá.

"Má dúró!"

"Mi ò dúró."

"O dúró. Mo gbọ́ ọ."

Apá ń ro mí. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, mo kígbe pé ó ti tó.

"Kò tí ì tó. Mo ṣì ń gbọ́ ṣúgà nínú ẹ̀."

Mo tẹ orí sí abọ́ náà. Etí mi méjèèjì ló wà lórí ẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tọ́ ọ wò, ṣúgà náà ń dún lábẹ́ eyín mi bí iyanrìn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó jẹ́ kí n lù ú títí mo fi rò pé ó ti sùn, kí ó tó wá sọ pé, "Ó yá, fọ́ ẹyin sí i. Lọ́kọ̀ọ̀kan o." Ó mọ ìgbà tí kéèkì jinná nípa òórùn, ó sì sọ fún mi kí n yọ ọ́ kúrò nínú ààrò ṣáájú kí aago tó dún. Díẹ̀ nínú wọn wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jinná. Mo gbé ọ̀kan lọ fún un. Ó já a sí méjì, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìwé ìdánwò, ó ní, "O yege. Agbára káká ni." Inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba oyè lọ.

Kéèkì ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú fúláwà náà. Èyí tó kù kò lè kún agolo márùn-ún. Bí mo ṣe ń wo ìwé ìròyìn tí wọ́n fi dì í ni mo rí ọ̀rọ̀ kan kà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ṣeé pò mọ́ fúláwà. Wọ́n ní kò sí ìdí tí a fi ní láti máa sunkún àlìkámà òyìnbó nígbà tí ẹ̀gẹ́ kún oko wa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Orí mi wú. Gbogbo èèyàn ń kérora, èmi nìkan ni mo ti rí ọ̀nà àbáyọ, ara bébà tí wọ́n fi di ẹrù ni mo sì ti rí i.

Láfún nìkan ni ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí mo mọ̀. Kò sì sí ẹni tó ń ta òmíràn ní Ìbàdàn. A máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sínú omi títí yóò fi kan, kí a tó sá a, kí a tó lọ̀ ọ́. Kíkan yẹn ni adùn rẹ̀ nígbà tí a bá rò ó tí ọbẹ̀ sì dúró tì í. Àwọn onímọ̀ náà ti gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀gẹ́ tí kò kan ni kí a lò. Bóyá apá ibi tí òróró ti rin bébà ni wọ́n ti sọ ọ́.

Ìyá tó ń ta láfún ní ọjà Bódìjà ń wọ̀n ún fún mi, ó ní, "Alẹ́ òní lẹ máa rò ó?"

"Rárá, mà. Mo fẹ́ fi din nǹkan ni."

Ó dáwọ́ dúró. "Ẹ fẹ́ din láfún?"

"Àwọn onímọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ó wí, ó sì bu èènì sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, bí èèyàn ti ń ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ ò yá.

Mo pò ó mọ́ fúláwà ní ìdajì-ìdajì. Mo da ṣúgà sí i, mo da bọ́tà àti ẹyin sí i, mo fi ọwọ́ pò ó, mo tẹ́ ẹ, mo gé e. N kò sọ fún ìyàwó mi. Mo fẹ́ kó jẹ ẹ́, kó yìn ín, kí n tó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ti ń to gbólóhùn tí màá fi sọ ọ́ pọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tí Kérésìmesì ku ọ̀la ni mo gbé òróró kaná, nígbà tó gbóná, mo da ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ sí i.

Òórùn kan dìde.

"Ta ló ń ro láfún?" Ohùn ìyàwó mi nìyẹn.

"Kò sí ẹni tó ń ro láfún."

"Mò ń gbọ́ òórùn láfún."

"Bóyá Alhaja ni."

Mo gbọ́ tó ń fi imú fa afẹ́fẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sórí "ẹ".

"Ẹ wá síbí."

"Mò ń bọ̀. Jẹ́ kí n yí i."

"Kí lẹ pò mọ́ fúláwà mi?"

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí ibùsùn dún. Mo ju ṣíbí sílẹ̀, mo sáré. Ó ti jókòó nígbà tí mo wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti kan ilẹ̀, ọ̀tún ń tẹ̀lé e bọ̀. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì tó kún fún ìyẹ̀fun di èjìká rẹ̀ mú.

"Ẹ fi mí sílẹ̀."

"Dùbúlẹ̀."

"Ẹ ti fi láfún ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó."

"Mo bẹ̀ ẹ́, dùbúlẹ̀. Ṣin-ṣin ni. Ṣin-ṣin lásán ni."

"Kì í ṣe ṣin-ṣin!" Ó bú sẹ́kún. "Ṣé ìwọ rò pé ṣin-ṣin ni? Tí mo bá dùbúlẹ̀ báyìí tí mi ò ní nǹkan tí mò ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tẹ́tí sí. Láti àárọ̀ dalẹ́. Gbogbo ara mi ti di etí. Mo máa ń rò pé mo gbọ́ ọ tó ń bọ̀. Nígbà tó ò ń lu kéèkì ni mi ò gbọ́ ọ."

Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì padà sórí ibùsùn, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, mo sì kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo di í mú kó má tún dìde. A wà bẹ́ẹ̀ títí ilé fi kún fún èéfín.

"Ta ló fẹ́ dáná sun ilé Alhaji?"

Alhaja ni. Ó ti rí èéfín tó ń gba ojú fèrèsé kíṣìnì wa jáde, ó sì ti sáré gòkè láìkan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó pa iná, tó fi ìdérí de ìkòkò òróró. Lẹ́yìn náà ló yọjú sí yàrá. Ó rí mi lórí ìkúnlẹ̀, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Ó rí ìyàwó mi tí ìró rẹ̀ ti tú. Ó rí ikùn rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbé ojú rẹ̀ lọ sí àjà, bíi pé òun náà fẹ́ ka pátákó. N kò tí ì rí ẹni tó yára lóye bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ nígbà náà, tàbí lẹ́yìn náà.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ta ló da láfún sínú òróró?"

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dé?"

"Kò sí fúláwà, mà."

"Kò sí fúláwà níbo?"

"Ní Ìbàdàn."

Alhaja fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. "Dókítà, kí ni mò ń tà ní Dùgbẹ̀?"

N kò mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé lókè ilé obìnrin yìí, tí mò ń jẹ itan àgbò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń lọ sọ́jà. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ipa tí àwọn obìnrin ọlọ́jà kó nínú ìṣèlú, n kò sì bi èyí tó wà lábẹ́ ilé mi léèrè ohun tó ń tà.

"Fúláwà, ṣúgà, mílíìkì," ni ìyàwó mi sọ láti orí ibùsùn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Gbogbo Bódìjà ló mọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo rò pé o ti rà á."

"Àpò kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Alhaji látìgbà tí wọ́n ti fòfin dè é," ni Alhaja wí. "Orí ẹ̀ ló ń sùn, ó ń sọ pé ìjọba yìí ò dáa. O ò bi mí. Ò ń fi abẹ́ ẹ̀wù gbé ẹrù kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, o rò pé mi ò rí ọ." Bó ṣe rí ẹ̀wù mi tó kún fún ìyẹ̀fun, "ẹ" tó máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ ti fò lọ, kò sì padà wá mọ́.

Ìyàwó mi ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo kíṣìnì. Ẹ jẹ́ kí n kàn..." Ó ti tún gbé orí sókè.

"Padà!" ni Alhaja pariwo. Ó yíjú sí mi. "Kí ni dókítà wí?"

"Ó ní kó má dìde."

"Ṣé ó ní kó má lọ́wọ́ ni? Gbé pátákó wá síbí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kó má lò."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Mo gbé pátákó ìgéyẹ̀fun sórí ibùsùn, mo fi ìrọ̀rí méjì gbé e sókè dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó láìjẹ́ pé ó dìde. Alhaja sọ̀ kalẹ̀ lọ lé Alhaji dìde lórí fúláwà. Èmi ni mo pò ó, ìyàwó mi ń tọ́ mi sọ́nà, mo tẹ́ ẹ, mo gbé e wá, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó ń gé e. Ó ń fi ojú kan wò ó, ojú kejì wà nínú ìrọ̀rí. Gbogbo rẹ̀ ṣe déédéé bí ẹni pé rúlà ló fi gé e.

Alhaja jókòó sí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kó èyí tó ti gé sínú àwo.

"Ta ló kọ́ ọ láti máa gé e kéékèèké báyìí?"

"Ìyá mi ni, mà. Wọ́n ní èyí tó tóbi ń fi ìwà ọ̀lẹ hàn."

"Ará Iléṣà! Ẹ ò mọ̀ ju kí ẹ máa ṣọ́ nǹkan lò."

"Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gé e, ẹyọ kan á kún agolo."

"Ẹnu rẹ ò ṣàìsàn rárá." Alhaja yí ohùn sókè. "Dókítà! Ó ń pọ́n jù! Mo ń gbọ́ ọ láti ibí!"

Mo ń sáré láàárín òróró àti ibùsùn títí oòrùn fi yí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, òróró ti ta sí mi lápá. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyàwó mi kò gbé orí sókè kúrò lórí ìrọ̀rí. Mo ń wò ó nígbàkigbà tí mo bá gbé tuntun wá. Ìka rẹ̀ ń lọ, ọ̀bẹ ń dún lórí pátákó, ó sì ń bá Alhaja jà nípa nọ́tìmẹ́ẹ̀gì.

Agolo jáde ní àárọ̀ Kérésìmesì bó ṣe máa ń jáde. Alhaja ní kí n da ti láfún nù. N kò dà á nù. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní ẹ̀ka wa tó máa ń sọ ní gbogbo ìpàdé pé ohun tó ń ba ilẹ̀ yìí jẹ́ ni pé a kì í jẹ oúnjẹ wa. Mo fi agolo tó dára jù di í fún un. Nígbà tí a wọlé padà lẹ́yìn ọdún, ó dì mọ́ mi níwájú gbogbo èèyàn. "Adùn ìbílẹ̀!" ni ó ń pariwo. "Adùn ìbílẹ̀ gidi!" Mo ní ṣé kí n tún mú díẹ̀ wá. Ó ní ó ṣe òun láàánú, dókítà òun ti ní kí òun dín ohun dídín kù.

Ṣùgbọ́n agolo tó jáde kò yanjú ọ̀rọ̀ wa. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Kérésìmesì, kò sí ohun tí a lè gé mọ́. Pátákó ti padà sí kíṣìnì. Ìyàwó mi dákẹ́. Mo wọlé, mo bá a tó ń wo ògiri, orí rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lókèèrè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dé etí ibùsùn. Mo gbé ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fún un kó bá mi máàkì ẹ̀. Ó ṣe méjì, ó jù wọ́n padà sí mi. "Àwọn ọmọ yìí ń purọ́ bíi tìẹ."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò fi nǹkan kan pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù. Mo ní, "Alhaja, ẹ gbà mí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo."

Ó wò mí, ó wọlé lọ, ó sì gbé ọpọ́n ẹ̀gúsí tí wọn kò tí ì ṣẹ́ jáde, ó kún dé ẹnu. Ó gbé e gòkè fúnra rẹ̀. "Títà ni eléyìí o," ni ó sọ fún ìyàwó mi. "Èyí tó o bá fọ́, o rà á nìyẹn."

Gbogbo oṣù Kìíní ni ìyàwó mi fi ṣẹ́ ẹ̀gúsí Alhaja. Bí ọpọ́n kan bá tán, òmíràn á gòkè. Mo máa ń jókòó sí pálọ̀, mo ṣí ìwé síwájú, n kò ka nǹkan kan. Mò ń gbọ́ èèpo ẹ̀gúsí tó ń já, pá, pá, pá. Bí ó bá dákẹ́, mo máa ń dìde dúró. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀, mo máa ń jókòó. Ìka rẹ̀ bó, ó ní kò dun òun. Èmi ni n kò lè jẹun.

Ọmọ náà dé ní oṣù Kejì, obìnrin ni, igbe rẹ̀ sì dé ojú títì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo máa ń rántí jù ni ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, tí a lọ rí dókítà, tí dókítà fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ yí ká, tó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n.

"Ẹ lè dìde báyìí," ni ó wí. "Ẹ máa rìn káàkiri. Tó bá jáde lónìí, èèyàn tó pé ló jáde."

Mo ń kọrin nínú mọ́tò. Nígbà tí a délé, mo mú sálúbàtà rẹ̀ wá, mo tò wọ́n síwájú ibùsùn, mo sì na ọwọ́ sí i kí ó dì mí mú. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó wo sálúbàtà náà, ó wo ọwọ́ mi. Lẹ́yìn náà, ó rọra gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tún fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó sì fa ọpọ́n ẹ̀gúsí mọ́ra.

"Dókítà ní o lè dìde," ni mo wí.

"Mo gbọ́ ọ," ni ó dáhùn. "Ó ku ìdajì. Jẹ́ kí n parí ẹ̀."